Ẹ Béèrè Ohun Tó Wà Nínú Àpótí Àláàmù Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìwé ẹ̀yáwó fún àláàmù ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rù ń pọ̀ sí i lórí tábìlì wa, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníná ń kọ sínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: àláàmù kan pẹ̀lú owó iṣẹ́. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí owó ẹgbẹ́ máa jáde lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ra ìrẹsì àpò 10 yóò kà á pé 10. Kí ló dé tí a kì í ka ohun tí wọ́n so mọ́ àpótí àláàmù?

Àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri yẹn ní ibi tí iná ti ń jáde láti bọ́ àwọn ohun èlò yòókù. Wọ́n sábà máa ń kọ AUX sí èyí tí ń bọ́ àwọn ojú tí ń ṣọ́ yàrá, BELL sí ti sáírìnì, PGM sí èyí tí àpótí fi ń pàṣẹ fún nǹkan mìíràn. Fóòtì 12 ni iná wọn, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí kéékèèké, AUX kò ju nǹkan bí ámpù 1 lọ. PGM mìíràn kò lè gbé ju mílíámpù 50 lọ, bẹ́ẹ̀ mílíámpù 1,000 ló wà nínú ámpù 1. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá àpótí wá, ìwé tí ọmọ iṣẹ́ oníná fi ń nu ọwọ́.

Ohun tí a ń rí ni pé oníná á ra fèrè mọ́tò lọ́dọ̀ àwọn onípáàtì nítorí pé ariwo rẹ̀ pọ̀, á sì so ó mọ́ BELL tààrà. Fèrè mọ́tò lè fa ámpù 4 tàbí 5. Ó lè ké díẹ̀ lójú yín lọ́sàn-án, kí ẹ sanwó, kí oníná máa lọ. Lóru ọjọ́ tí olè dé ńkọ́?

Relay ló yẹ kó wà láàárín wọn. Wáyà tín-ín-rín tí a wé mọ́ irin ni. Bí iná díẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, irin náà á di òòfà, á fa ọwọ́ kan mọ́ra, ọwọ́ yẹn á sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Ó dà bí ìyá àgbà tó jókòó tó ń rán alábàárù: ohùn lásán ni tìyá, ẹni tó ru ẹrù wà lọ́tọ̀. Kí fèrè gba COM àti NO lára relay, kí iná rẹ̀ wá láti ara bátìrì, pẹ̀lú fíúùsì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, relay mọ́tò fúnra rẹ̀ lè fa nǹkan bí mílíámpù 150 kó tó dìde. Ẹ má gbé e lé PGM tí kò lè gbé ju 50 lọ. Relay kékeré tó ń fa bíi 30 wà lọ́jà. Kí oníná fi diode kan sí i, nítorí bí relay bá ń kú, ó máa ń ta iná padà, iná yẹn sì lè ba PGM jẹ́. Diode kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló ká wa lára jù. Bátìrì tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti ámpù-wákàtí 7. Ká ní àpótí, bọ́tìnnì àti ojú 4 ń fa mílíámpù 250 lápapọ̀: wákàtí 28 ni, bí bátìrì bá jẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ láti aago 7 alẹ́ Sátidé tí a ti ilẹ̀kùn, títí di aago 7 àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 36 ni! Bí NEPA bá mú iná lọ (pípín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti 2013, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò tíì kúrò lára orúkọ yẹn), àláàmù á ti kú kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́. Oníná tó bá tún so kámẹ́rà tó ń fa mílíámpù 400 mọ́ AUX ti sọ ọ́ di wákàtí 10 àti díẹ̀. Bátìrì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àpótí náà lè gba iná sínú rẹ̀.

Olè kì í ṣe òmùgọ̀, wáyà ló máa ń wá. Kí oníná lo NC lára ojú tí ń ṣọ́ yàrá, kí àpótí lè ké bí wọ́n bá gé wáyà. Kí resistor sì wà ní ìparí wáyà, nínú ojú náà gan-an. Bó bá jẹ́ inú àpótí ni wọ́n dá a sí kí iṣẹ́ lè tètè yá, olè lè so wáyà méjèèjì pọ̀, àpótí ò ní mọ̀ rárá.

Ẹni tó bá sì fi wáyà lásán dípò fíúùsì, iná ló ń pè wá sọ́jà.

Àbá wa fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni pé kí oníná kọ ohun kọ̀ọ̀kan tó so àti iye tó ń fà. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ sì dúró títí a ó fi pa iná NEPA lójú wa, tí sáírìnì á fi ké fún ìṣẹ́jú 5 lórí bátìrì nìkan. Àwọn kan ti ń kùn pé a fẹ́ lé oníná lọ. Oníná tó ń sá fún ìṣẹ́jú 5, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àwọn mìíràn ní ọlọ́dẹ ti tó. Ọlọ́dẹ dára, àmọ́ òun náà ń sùn. A ó gbé àbá náà wá sí ìpàdé gbogbogbòò, àpótí tó wà ní ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ la ó sì kọ́kọ́ dán wò. Ẹni tó bá fẹ́ mú oníná tirẹ̀ wá wò ó, kó jẹ́ ká mọ̀ ṣáájú.