Ẹ yé fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà mọ́ pẹpẹ kọ́bọ́ọ̀dù

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ìyá wa, àti àwa gbẹ́nàgbẹ́nà pàápàá, sọ̀rọ̀ lórí rọ́bà tí à ń tẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wù kó kéré tó lójú, oúnjẹ ẹnu wa ló kàn.

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ṣì wà dáadáa. Ògiri wọn kì í gún. Bí a bá kan kọ́bọ́ọ̀dù sí kọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lè fẹ̀ ju iwájú lọ, páìpù omi sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyáálé á ra rọ́bà ní yáàdì, á fojú wọ̀n ọ́n gé, kò ní bá a mu. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, á ká a sókè, á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni aáyán ń wá. Epo àti gààrí á ro síbẹ̀, kò sì ṣeé ká fọ̀ mọ́. Ó di kí wọ́n gbé dichlorvos, kí wọ́n máa fín in sáàárín àwo! Oògùn tí àjọ NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré ní ọdún 2019, ṣé ibi tí abọ́ ọmọ wà ló yẹ kó dé?

Ẹ mú ìwé ìròyìn tí ẹ ti kà tán, ẹ tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo igun títí ìlà á fi hàn, kí ẹ gé e. Níbi tí páìpù bá wà, ẹ là á láti ẹ̀yìn dé ìdí páìpù. Bó bá ti jókòó, ẹ fi wọn rọ́bà. (Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rọ́bà lẹ fẹ́ fàlà sí, ẹ dojú ìwé dé, kí ọ̀tún má baà di òsì.) Bí ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù bá há ju inú lọ, ẹ gé e sí méjì. Gọ́ọ̀mù kò sí níbẹ̀. Ẹ máa ká a jáde, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Kí Olóòtú má bínú o, ìwé ìròyìn dára fún kíkà àti fún wíwọn igun, ṣùgbọ́n kí a má fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Tàdáwà rẹ̀ ń ran abọ́ tútù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yé gbowó kọ́bọ́ọ̀dù tán kí ẹ kó irinṣẹ́ lọ. Ẹni tó kàn án ló mọ ibi tó wọ́. Èmi a máa gé ìwé ìwọ̀n sílẹ̀ fún oníbàárà, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Àwọn kan ní mò ń ba ọjà jẹ́. Kí wọ́n sọ fún mi: ìwé ìròyìn àná àti ìdajì wákàtí, èwo ló wọ́n níbẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.