ÌṢIRÒ KÌ Í ṢE OHUN TÍ A Ń HÁ SÓRÍ

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan olúkúlùkù ẹni tí ó bí ọmọ láàárín wa, yálà mẹkáníìkì ni, tàbí oníṣòwò, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, àti ìdánwò JAMB tí àwọn ọmọ wa ń ṣe kí wọ́n tó wọ Yunifásítì.

Láti 1978 tí ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀ ni ìdánwò yìí ti di ẹnubodè. Bwari níhìn-ín, ní agbègbè Àbújá, ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n sísúnmọ́ tí a súnmọ́ wọn kò fi máàkì kan kún ti ọmọ wa. Bí a tilẹ̀ bí ọmọ sí Apo, ìpínlẹ̀ baba rẹ̀ ni yóò kọ sí fọ́ọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà nílé, ní Ọ̀yọ́, ní Èkìtì, ní Ògùn, ni yóò sì bá du àyè. Ohun tí ó bá mọ̀ ni yóò gbè é.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìdánwò náà ti rí. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 péré sì ni a fi ń dáhùn wọn: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè yẹ ìṣirò sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí bí a ti ń ṣe é nígbà tí aago ti ń lọ, ilẹ̀ ti ṣú bá a.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń ra ìwé ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá, ìdáhùn tí ó wà lẹ́yìn ìwé ni wọ́n sì ń há sórí. Asán ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ọkùnrin kan ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ₦12,000, ó tà á ní ₦15,000. Èló nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Èrè náà jẹ́ ₦3,000. Ọmọ tí ó kánjú yóò fi ₦15,000 pín in, yóò rí 20. Yóò bá 20 nínú ìdáhùn mẹ́rin tí a tò síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ọjà ni a fi ń wọn èrè. 25 ni ìdáhùn. Àwọn tí ń ṣe ìbéèrè mọ ibi tí ọmọ ti máa ń ṣìnà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dẹ pàkúté sí. Ẹni tí ó há 25 sórí, bí a bá yí iye owó padà, ó di òfo. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ kò ní ṣìnà, ì báà jẹ́ iṣu ni a fi rọ́pò ẹ̀yà ọkọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé orí ọmọ àwọn kò gba ìṣirò. Ọmọ tí ó lè pe márùndínláàádọ́ta ní èdè wa, ìṣirò ni ó ṣe yẹn: ogún lọ́nà mẹ́ta di ọgọ́ta, a yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Ọmọ Orin-Èkìtì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olubummo, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, tí ó sì wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Orí wà, ìfarabalẹ̀ ni ó kù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín sí. Èkíní, ẹ fún ọmọ ní wákàtí kan lálaalẹ́ tí a kò ní rán an níṣẹ́, tí a kò sì ní fi í sí ìdí ọjà. Èkejì, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbéèrè mẹ́wàá lóòjọ́, kí ó kọ bí ó ti ṣe é sílẹ̀ kí ó tó ṣí ẹ̀yìn ìwé wò. Èyí tí kò bá gbà, kí ó padà sí i ní ọjọ́ kẹta. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ó gbé aago síwájú. Ẹ̀kẹta, owó tí àwọn kan ń fún àwọn tí ń ṣèlérí ìdáhùn ní kọ̀rọ̀, ẹ fi gba olùkọ́. Máàkì tí a rà kì í bá ọmọ wọ kíláàsì.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, èrò wa ni pé kí a máa ṣí ibi ìpàdé sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí àwọn ọmọ wa tí ó ti wà ní Yunifásítì máa kọ́ àwọn àbúrò wọn. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.