Ọgbọ́n Títa Whot
Ayò káàdì Whot, tí William Henry Storey ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, ti di tiwa ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá ń ta á, ọ̀pọ̀ a máa fi 2, tí ń mú ni kó káàdì méjì, gbẹ̀san lára ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé wọn. Èmi kò fara mọ́ èyí. Bí ẹni méjì bá ń jà, ẹni kẹta tí káàdì kan ṣoṣo kù sí lọ́wọ́ ni yóò borí. Òun ni kí a fi 14 pamọ́ dè, nítorí 14 a máa lé gbogbo àwọn ìyókù lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di 20 mú títí: nígbà tí a bá ń ṣírò káàdì ọwọ́ ẹni, ẹrù wúwo ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú kò dá nǹkan fún ni; sùúrù ni baba ìwà.