*KÍ ỌMỌ YÍN TÓ LỌ ṢERÉ NÍ ÌLÚ ORÍ ÒKÈ NÍNÚ ÒTÚTÙ*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ yìí dópin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún fẹ́ràn àpéjọ kan tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù àti kàtúùnù máa ń ṣe. Wọn a múra bí akọni inú fíìmù, ẹlòmíràn á wọ aṣọ Black Panther, wọn a ya fọ́tò, wọn a tò láti rí òṣèré tí wọ́n fẹ́ràn. Bí àwa àgbà bá gbọ́, a ó ní, "Irú aṣọ wo nìyí?" À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bí àpéjọ náà bá bọ́ sí ìlú bíi Denver ní ìgbà òtútù, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé ọmọ yìí mọ jẹ́nótáìpù ara rẹ̀?

*Kí ló fà á?*

Denver fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Jos tí à ń pè ní ìlú òtútù, nǹkan bí 1,200 ni. Bí ibi kan bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń fẹ́lẹ́ tó. Bí ẹ bá pín ọ́síjìn tí à ń mí sínú l'Ékòó sí ọ̀nà mẹ́fà, ní Denver, bí ọ̀kan ti dín níbẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè ní orí fífọ́ tàbí òòyì, kó má rí oorun sùn dáadáa, kí ara rẹ̀ tó mọ́ ọn. Ti ẹni tó jẹ́ SS yàtọ̀. Bí ọ́síjìn bá dín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, á dí ojú iṣan, ìrora á dé. Òtútù á tún fún iṣan pọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi ara. Ẹ wá fi ti àpéjọ kún un: aṣọ fẹ́lẹ́, ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́, àìmu omi kí àyè wọn má baà bọ́ lórí ìlà.

*AS ńkọ́?*

Àwa nọ́ọ̀sì ló ń sọ fún yín pé AS kì í ṣe àìsàn. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Denver fúnra rẹ̀ kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí àpéjọ bá parí, àwọn ọ̀dọ́ a máa gòkè lọ ṣeré nínú yìnyín ní ibi bíi Breckenridge, tó ga ju 2,900 mítà lọ. Níbẹ̀, ìrora líle lè mú ẹni tó jẹ́ AS lábẹ́ ìhà òsì, pẹ̀lú èébì. Kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Bó bá ti sọ fún dókítà pé AS ni òun, wọ́n á tètè mọ ibi tí wọ́n máa wò.

*Ohun tí mo fẹ́ kí a gbà*

Jẹ́nótáìpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan. Àwọn òbí kan ń fi pa mọ́ fún ọmọ nítorí ìtìjú, àfi ìgbà tí àfẹ́sọ́nà bá dé. Ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti kékeré. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ẹnu yín ló kù tó máa gbọ́ ọ. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Mi ò ní kí ẹ ní kí wọ́n má lọ. Ẹ sọ èyí fún wọn:

1. Bó bá jẹ́ SS, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí dókítà bá ní kó má lọ, kó gbà.
2. Kó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Kó fi ọtí sílẹ̀.
3. Kó wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́ aṣọ eré, kó mú kóòtù, fìlà àti ìbọ̀wọ́. Kó jókòó bó bá rẹ̀ ẹ́.
4. Kó kọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ sínú fóònù àti sínú pọ́ọ̀sì.
5. Àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀, ìrora ìhà òsì: kó pe 911 kó tó pe ilé. Àdúrà wa á bá a níbẹ̀.

Ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá mìíràn.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín ni.