"Iná Ti Lọ": Èdè-Ìperí àti Rírẹ́ Ọwọ́ Igi Lábẹ́ Wáyà Iná

Bí ẹni tó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí bá ṣi ọ̀rọ̀ mú fún ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré, akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù máàkì díẹ̀ nínú ìdánwò, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò nípa iná mọ̀nàmọ́ná. Ọkùnrin tó gun igi máńgòrò láti rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń fi ara kan wáyà ojú títì kò mú ìwé atúmọ̀-èdè dání. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ìmọ̀ tó ní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sọ ìdajì òtítọ́ fún un, ìdajì yòókù lè pa á. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè ní ẹjọ́ í jẹ́ nínú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ti àwọn ẹnjiníà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù: "Iná ti lọ." Ọdún 1972 ni a dá NEPA sílẹ̀, ní 2005 orúkọ náà kúrò nílẹ̀, ní 2013 a sì fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, títí di òní, NEPA náà ló ń "mú iná lọ" lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó wà nínú gbólóhùn náà ni kí a wò. Èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, iná ni. Fìtílà, iná ni. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, iná ni. Ohun tó ń gba inú wáyà kọjá, iná náà ni. Nígbà tí gílóòbù bá kú, gbólóhùn wa sọ pé gbogbo rẹ̀ ló lọ. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù nìkan ni a rí. Kò sí ẹni tó wo wáyà.

Pé iná tó lọ lè dé nígbàkigbà láìkan ilẹ̀kùn, èyí hàn sí gbogbo wa. Èyí tí kò hàn ni pé wáyà tó wà lókè kì í ṣe irú kan. Ní Nàìjíríà, fóltì 230 ló ń wọ ilé, 415 ló wà láàárín wáyà méjì nínú àwọn tó ń gba ojú àdúgbò. 11,000 tàbí 33,000 ló ń wá sí ìdí tàránsífọ́mà. 132,000 àti 330,000 sì ń gba orí àwọn òpó onírin gàgàrà láti ìlú dé ìlú. Abúlé wà tí kò tan gílóòbù kan rí, tí wáyà 33,000 sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá lọ sí ibòmíràn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀, yóò ní, "A ò ní iná," òtítọ́ ni ó sì sọ. Adẹ́mu tó gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ tí imọ̀ rẹ̀ ń kan wáyà náà kò ní ọ̀rọ̀ kan nínú èdè rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé iná tí wọn kò ní ọ̀hún ló wà lókè orí rẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí baálé ilé kan bá so jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ wáyà ilé láìsí ohun tó ya wáyà ilé nípa kúrò lára wáyà ojú títì, iná rẹ̀ lè jáde sí àdúgbò. Bí ó bá dé ìdí tàránsífọ́mà, tàránsífọ́mà kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Ó lè sọ ọ́ di 11,000 ní òdìkejì. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé iná ti lọ, ìró jẹnẹrétọ̀ sì ń dún. Ìró náà gan-an ló yẹ kó dẹ́rù ba ẹni tó wà lórí igi.

Kí ni kí a wá pè é? Nínú ìwé ìlànà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n yẹ̀ wò, òǹtúmọ̀ kọ "wáyà tó wà láàyè" àti "wáyà tó ti kú." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, aṣọ Yorùbá ni wọ́n kàn gbé wọ̀ ọ́. Lójú tiwa, ohun tó ti kú kò tún jí. Àní òkú wáyà á dà bí èyí tí a ti jù sí ààtàn. Àbá tèmi ni pé kí a pe èkíní ní *wáyà oníná*, kí a sì má ṣe fún èkejì ní orúkọ kankan títí àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò fi já a kúrò níbi tí iná ti ń wá, tí wọ́n fi ohun ìdánwò wò ó, tí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀. Ìgbà náà ni yóò di *wáyà àsomọ́lẹ̀*. Wáyà tí a kò bá tíì so mọ́lẹ̀, oníná ni, yálà gílóòbù ń tàn tàbí kò tàn. Ìtumọ̀ ti wà nínú ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó bá gbọ́ "àsomọ́lẹ̀" yóò béèrè pé ta ló so ó, ìgbà wo ló sì so ó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ní fún ohun tí iná ń ṣe sí ènìyàn dára ju èyí tí a ń wá kiri lọ. A ní iná *gbé* e, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé odò gbé e. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ó rí i pé ohun tó ń ṣàn ni. Ohun tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde. Èyí ni ẹyẹ fi ń bà lórí wáyà kan ṣoṣo tí kò sì sí ohun tó ṣe é: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lójú kan náà, kò sí ibi tí iná lè gba ara rẹ̀ kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí igi yàtọ̀, nítorí igi ti so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. *Ìṣàn iná* ni kí a dì mú, kí a sì fi àmì ohùn sí i dáadáa, nítorí bí ìwọ̀n ìṣàn tó ìdá 10 sí 20 nínú 1,000 ámpíà kan, iṣan ọwọ́ yóò súnkì, ọwọ́ kò sì ní lè tú ohun tó dì mú sílẹ̀. Bí ó bá tó 50 sí 100 tó gba àyà kọjá, ó lè da lílù ọkàn rú. Gílóòbù 60 wáàtì nínú yàrá yín ń gba nǹkan bí 260. Ẹ wo bí gbólóhùn yìí yóò ti rí lọ́wọ́ atẹ̀wé tí kò fi àmì sórí *iṣan* àti *ìṣàn*.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí n kò fẹ́ ni *fà*. "Iná fà á mọ́ra," ni wọ́n ń wí, ẹni tó gbọ́ a sì rò pé òun náà lè fà á padà. Iṣan ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dì í mú. Ẹni tó bá sáré fọwọ́ kàn án ti di ọ̀nà àbájáde mìíràn fún ìṣàn náà.

Iná tó pọ̀ tó báyìí tún lè fò gba inú afẹ́fẹ́ kí ọwọ́ tó kan wáyà. Ọ̀rẹ́ mi kan dá a lábàá pé kí a pe èyí ní *àfòmọ́*. Ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn, bí kò bá ṣe pé àfòmọ́ ti wà lórí igi kan náà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ewé rẹ̀ ń bò ó, tí àwa onígírámà sì ti gba orúkọ rẹ̀ fún mọ́fíìmù. Ẹ jẹ́ kí *ìfò iná* tó wa. Kí a sì má fi ọ̀rọ̀ náà sọ àsọdùn: ní ojú wáyà 11,000, ìfò náà kò gùn rárá. Kì í ṣe torí rẹ̀ nìkan ni òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi sọ pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 10, nǹkan bí mítà 3, jìnnà sí wáyà tí fóltì rẹ̀ kò ju 50,000 lọ. Afẹ́fẹ́ ń fì wáyà. Ẹ̀ka tí a gé orí rẹ̀ kúrò ń fò padà sókè nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá dínkù. Òǹtúmọ̀ tó bá kọ "Má ṣe sún mọ́ wáyà" kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ó kọ mítà 3, kí ó sì sọ pé láti ṣóńṣó gọ̀gọ̀, láti orí àkàbà, láti òpin ẹ̀ka tí yóò ṣubú ni à ń wọ̀n ọ́n.

Ti fóltì ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní agbára iná, ṣùgbọ́n agbára ti ní iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú físíìsì tẹ́lẹ̀. Ìtì ì bá bá a mu, láti inú *tì*, ṣùgbọ́n ìtì igi ti wà, a kò sì lè máa kọ́ agégi ní ìyàtọ̀ ìtì àti ìtì lórí àkàbà. *Ìtaari iná* ni mo fara mọ́. Pẹ̀lú rẹ̀ ni a ó fi lè ṣàlàyé ìdí tí igi gbígbẹ àti bàtà rọ́bà tó dáàbò bo ènìyàn lójú ìtaari kékeré inú ilé kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú 11,000, pàápàá ẹ̀ka tútù tí oje kún inú rẹ̀. Àwọn ìwé kan ń pe rọ́bà àti igi ní "ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá." *Kì í* yẹn ni ewu wà. *Ohun adínṣànkù* ni kí a pè é, nítorí dídínkù ló ń dín in kù, kò dí i pa. Bákan náà ni wáyà: wáyà ilé wọ aṣọ rọ́bà, ọ̀pọ̀ jùlọ wáyà orí òpó sì wà ní ìhòòhò, dúdú tí ojú ń rí lára wọn kì í ṣe rọ́bà. *Wáyà ìhòòhò* ni kí a máa pè wọ́n láìtijú.

Bí ẹ̀ka bá já wáyà lulẹ̀, ilẹ̀ àyíká rẹ̀ di oníná, ìtaari rẹ̀ sì ń dínkù bí a ti ń jìnnà sí i. Ẹni tó bá la ẹsẹ̀ gbàràgàdà, ẹsẹ̀ kan yóò wà níbi tó ga, èkejì níbi tó lọ sílẹ̀, iná á sì gba ara rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ló ń mú kó rọrùn fún un láti pa màlúù, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jìnnà sí ti ẹ̀yìn. *Iná abẹ́ ẹsẹ̀* ni mo pè é: kí a pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí a máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi kúrò ní nǹkan bí mítà 10.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Lóòótọ́ ni. Ètò Ilé-Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, *Èdè-Ìperí Yorùbá* tó jáde ní 1984 sì fún àwa olùkọ́ èdè ní irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni wọ́n dojú kọ. Fún ẹni tó wà lórí igi, n kò rí ìdí tí a ó fi gba wáyà, òpó àti tàránsífọ́mà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n, wọn kò sì purọ́ fún un. Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ ká tún ṣe ni *iná*, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an, àti *gé*. À ń gé igi lulẹ̀, à ń gé igi lọ́wọ́, *gé* kan náà ni. Kí ìwé ìlànà máa kọ *rẹ́* fún ọwọ́ igi, nítorí alágbàṣe tí a ní kó "gé igi" lè gé e láti ìdí, kí ó sì wó lé wáyà.

Lára òpó, mo rò pé ìlà mẹ́ta tó: WÁYÀ ONÍNÁ. INÁ TÓ LỌ NÍLÉ KÒ KAN ÈYÍ. JÌNNÀ NÍ MÍTÀ 3. Ní ti iye fóltì, nọ́ńbà ni kí a kọ. Bí mo ti fẹ́ràn ètò òǹkà wa tó, ẹni tó bá ka "ọ̀kẹ́ kan lé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá" parí lórí àkọlé yóò ti dé abẹ́ wáyà.