Ọwọ́ Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n

Odò Yellow River gba ẹ̀gbẹ́ Conyers kọjá, ó sì bá South River àti Alcovy pàdé ní adágún Jackson. Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń fa ọkọ̀ ojú omi kéékèèké lọ bí ooru bá ti dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàrin adágún náà, tí ọmọdé wà nínú ọkọ̀, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, àdúrà nìkan kò ní wa ọkọ̀ padà sí èbúté.

Nígbà mìíràn, orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ẹnì kan tú u, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi agbára apá dè é padà. Nínú ọgbà ilé, ó dún dáadáa. Ìgbà tó gbóná lójú omi ni omi tó yẹ kó máa tu ú lára gba abẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì wọ ibi tí iná ti ń jó.

Abọ́rìṣà mọ̀ pé irin kì í gba irọ́. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ̀ṣe fi lè fi irin búra ní kóòtù Nàìjíríà. Ọwọ́ ló ń purọ́. Nínú agbára 100 tí apá fi yí bóòtù, nǹkan bí 10 péré ló ń di orí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ìyókù ń ṣòfò síbi tí irin ti ń ha irin, lábẹ́ orí bóòtù àti ní eyín rẹ̀. Bóòtù tó dípẹtà á le gan-an lọ́wọ́, síbẹ̀ kò di nǹkan kan mú.

Sípánà tọ́ọ̀kì ni òṣùwọ̀n. Bí agbára bá ti tó, á dún kẹ́. Iye tó yẹ wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì náà gan-an, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì aládùúgbò.

Àárín ni dídè ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó máa fò sọ́tùn-ún sósì lọ sí etí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ó yípo: ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá méjì, kó tó wá pé. Alumíníọ̀mù rọ̀. Bí wọ́n bá de etí kan pa lẹ́ẹ̀kan náà, orí á tẹ̀, kò sì ní jókòó mọ́. Bí wọ́n bá ń tú u, láti etí wá sí àárín ni, nígbà tó bá tutù.

Bí ìwé bá ní kí wọ́n fi òróró pa eyín bóòtù, òróró ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Epo pupa tí Ògún ń jẹ, ojúbọ ni kó wà. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó: bí òróró bá kún ihò tí kò já síta, bóòtù á tì í títí ara ẹ́ńjìnnì á fi sán.

Lórí ọ̀sà Èkó, iyọ̀ tún ń lẹ bóòtù mọ́ inú alumíníọ̀mù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: kí wọ́n fi iná yá a díẹ̀, kí wọ́n dúró. Ẹni tó bá fi ìbínú fà á á já a sínú ihò.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, inú àgbá omi ni kí ẹ́ńjìnnì náà ti kọ́kọ́ jó títí á fi gbóná. Tó bá tutù, kí wọ́n wo ìwé bóyá ó ní kí wọ́n tún bóòtù dè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí àwọn ọmọ tó wọ ọkọ̀.