Pàṣán Ìyálé Ṣì Wà Lájà

Àbúrò mi kan ti ìrìn àjò dé ní oṣù tó kọjá, ó sì kó fọ́tò wá fún wa wò. Nàmíbíà ló lọ. Ó fi òkìtì iyanrìn pupa hàn wá, ó fi erin hàn wá, kó tó wá kan fọ́tò tó fẹ́ràn jù: àgọ́ kékeré kan lórí àpáta, òkun ń ru lẹ́yìn rẹ̀, òun alára jókòó síwájú àgọ́, ó ń yan ẹran. Ó ní Shark Island lórúkọ ibẹ̀, nílùú Lüderitz, pé atẹ́gùn ibẹ̀ dùn mọ́ni lára. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta yẹn. Ó ní òun rí òkúta ìrántí kan, òun kò kà á tán. Mo rò ó fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ mà nìyẹn. Àwọn Herero ló ni ín. Kí ló kàn wá ńbẹ̀?"

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ta ni ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó? Ìyàwó tó ń fi ìyálé rẹ́rìn-ín kò tíì gbójú sókè ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí orogún, a kì í rántí òwe yìí mọ́. Bẹ́ẹ̀, kò síbi tó ti ṣẹ tó ibi ìpẹ̀yàrun, ìyẹn kí alágbára dìde sí ẹ̀yà kan láti pa á run tọmọdé tàgbà.

Ọdún 1884 ni Jámánì fọwọ́ lé ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Darandaran ni àwọn Herero, ẹ̀yà kan níbẹ̀; màlúù lowó wọn, màlúù lọlá wọn. Àrùn màlúù jà ní 1897, ó gbá ọ̀pọ̀ agbo lọ. Àwọn oníṣòwò Jámánì ń tajà fún wọn láwìn. Bọ́jọ́ owó bá pé, wọn a wọ́ màlúù tó ṣẹ́kù lọ, ilẹ̀ a sì bá a lọ. Wọ́n ń na àgbàlagbà ní ẹgba, wọ́n ń fipá bá obìnrin lò pọ̀, ilé ẹjọ́ kì í sì í fẹ́ gba ẹ̀rí adúláwọ̀ gbọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1904, Samuel Maharero, olórí wọn, ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n pa ará Jámánì bíi 120. Ṣùgbọ́n Maharero ti pàṣẹ ṣáájú pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan obìnrin, ọmọdé àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Ẹnìkan á ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pààyàn, pé ogun logun ń jẹ́. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ àti màlúù rẹ̀ tó wá gbé ìbọn, ìjà ló ń jà. Ẹni tó ní kí wọ́n má ṣẹ́ ọmọ ọwọ́ kù, nǹkan mìíràn ló ń ṣe.

Ọ̀gágun Lothar von Trotha ni Jámánì rán sí wọn. Lẹ́yìn ìjà Waterberg ní oṣù Kẹjọ, àwọn Herero kó aya, ọmọ àti ẹran, wọ́n sá wọ aṣálẹ̀ Omaheke, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àwọn ọmọ ogun wá ń ṣọ́ ẹnu kànga. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, von Trotha pàṣẹ pé Herero yòówù tí wọ́n bá rí nínú ilẹ̀ náà, ìbá gbé ìbọn, ìbá má gbé e, kí wọ́n yìn ín níbọn. Obìnrin àtọmọdé tó bá ń bọ̀, kí wọ́n lé e padà sínú aṣálẹ̀ tàbí kí wọ́n yìnbọn sí i. Òùngbẹ ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá, Berlin ní kó dá àṣẹ yẹn dúró, wọ́n wá kó àwọn tó ṣẹ́kù sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekú. Shark Island ló burú jù. Ará ilẹ̀ olóoru ni wọ́n kó sórí àpáta tí atẹ́gùn òkun tútù ń fẹ́ tọ̀sán tòru, láìní aṣọ tó nípọn lọ́rùn. Wọ́n ń fi wọ́n ṣe ojú irin, ẹgba sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn Nama, ẹ̀yà mìíràn tó dìde lẹ́yìn Herero, náà débẹ̀. Cornelius Fredericks, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, ibẹ̀ ló kú sí ní 1907. Nínú Herero bíi 80,000, ìṣirò ọ̀pọ̀ òpìtàn ni pé bíi 65,000 ló ṣègbé. Nínú Nama bíi 20,000, ìdajì ló lọ.

Wọ́n sì ń kó agbárí òkú lọ sí Berlin fún àwọn onímọ̀ wọn. Kí wọ́n tó dì í sínú àpótí, obìnrin Herero tí wọ́n mú lẹ́rú ni wọ́n ń fún ní àfọ́kù gíláàsì, pé kó fi ha ẹran ara kúrò lára orí. Obìnrin wo ló lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe orí ọkọ òun ló wà lọ́wọ́ òun?

Ẹ wá wo àjà. Ní 1905 ni wọ́n fòfin de ìgbéyàwó láàárín funfun àti dúdú ní Nàmíbíà. Ní 1908, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Eugen Fischer lọ sí Rehoboth lọ wọn orí àti irun àwọn ọmọ tí òyìnbó bí fún obìnrin ilẹ̀ náà, ó sì fi ìwé kan sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ní 1927 ó di olórí ilé ìwádìí nípa ẹ̀yà ní Berlin. Ní 1933, nígbà tí Hitler gorí oyè, Fischer di olórí Yunifásítì Berlin. Ní 1937, ìjọba Hitler mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí àwọn ọmọ ogun Faransé tó jẹ́ adúláwọ̀ bí fún obìnrin Jámánì létí odò Rhine, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n má baà bímọ láéláé. Òfin tó ka ìgbéyàwó Júù àti Jámánì léèwọ̀ ti jáde ní 1935. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. N kò sọ pé 1904 nìkan ló bí gbogbo rẹ̀. Ìkórìíra Júù ti pẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù. Pàṣán ni mo ní ó ti wà lájà.

Níbi yìí òwe náà fẹ́ ṣì mí lọ́nà díẹ̀. Àwọn Júù kọ́ ló fi Herero rẹ́rìn-ín. Gbogbo agboolé ló ń gbọ́ igbe, tí wọ́n sé ilẹ̀kùn. Ní 1918, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó yè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, wọ́n fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì. Ní 1926, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí òyìnbó ibẹ̀ wà ní ìrẹ́pọ̀, wọ́n kó ìwé kan náà jọ, wọ́n pa á run. Èyí ló mú mi kúrò lórí pàṣán bọ́ sórí òwe kejì: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn Herero ṣì ń wọ aṣọ pupa pàdé ní Okahandja lọ́dọọdún, lójú oórì àwọn olórí wọn. Ní 2021 ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà ní ìpẹ̀yàrun, tó ṣèlérí bílíọ̀nù 1.1 owó euro fún ọgbọ̀n ọdún. Owó ìdàgbàsókè ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ olórí Herero àti Nama ní àwọn kò sí níbi tí wọ́n ti dúnàádúrà rẹ̀.

Àbúrò mi, o ní kí ló kàn wá. Ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún ni Nàmíbíà yà sọ́tọ̀ láti máa rántí àwọn òkú wọ̀nyẹn. Bí o bá tún lọ, lọ lọ́jọ́ yẹn, dúró ti òkúta ìrántí yẹn, kà á tán. Má pàgọ́ síbẹ̀ mọ́.